Ṣé bí ogun ṣe rí gan-an ni Rome: Total War fi ń hàn wá? Ọ̀rọ̀ Hannibal àti odi Róòmù

OlùkọÌtàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, mo sì ń darí ẹgbẹ́ kékeré kan fún àwọn ọmọ tó fẹ́ràn ìtàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ka ìtàn ogun kejì tí Róòmù bá Kátééjì, ìlú kan ní Àríwá Áfíríkà, jà, a sì dé orí Cannae ní Ítálì, níbi tí Hannibal, ọ̀gágun Kátééjì, ti pa àwọn ọmọ ogun Róòmù rẹpẹtẹ ní ọdún 216 ṣáájú ìbí Kristi. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní òun ti ja ogun náà nínú géèmù kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Rome: Total War, pé bí òun ṣe ṣẹ́gun ní Cannae báyìí, ìyípo díẹ̀ (ìyẹn ìgbà tó bá kan ẹni láti pàṣẹ lórí máàpù) lẹ́yìn rẹ̀ ni òun wọ Róòmù tí òun sì gbà á. Ó ní ojo ni Hannibal tí kò lọ. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bẹ́ẹ̀, ó sì dá mi lóhùn pé àwọn tó ṣe géèmù náà kàwé kí wọ́n tó ṣe é. Gbogbo ẹgbẹ́ ló gbè sẹ́yìn rẹ̀.

N kò fẹ́ fi ọwọ́ ọlá gbá ọmọ náà lójú, nítorí ó ronú kí ó tó sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí nìyí: kí ni a lè gbà gbọ́ nínú ogun tí irú géèmù bẹ́ẹ̀ ń fi hàn, kí sì ni kò yẹ kí a gbà? Ẹnì kan tí mo ń bọ̀wọ̀ fún níbi iṣẹ́ ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fòfin de ọ̀rọ̀ géèmù nínú ẹgbẹ́ náà pátápátá, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì gbà á.

Balógun_Orí_Máòsì

Ẹ má fòfin dè é, Olùkọ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbá àwọn géèmù Total War, ohun kan sì wà tí wọ́n mọ̀ ju ọ̀pọ̀ fíìmù lọ, òun náà ni pé ọkàn àwọn ọmọ ogun ló máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́ kí ara wọn tó ṣẹ́. Nínú fíìmù, wọn á máa jà títí ẹni ìkẹyìn á fi ṣubú. Nínú Total War, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìgboyà tirẹ̀. Ó máa ń dínkù bí ó bá ti rẹ̀ wọ́n, bí ọ̀gágun wọn bá kú, bí ẹlẹ́ṣin bá já lù wọ́n láti ẹ̀yìn, tàbí bí wọ́n bá rí i pé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti ń sá. Nígbà tó bá tán, àsíá wọn á di funfun, wọn á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìgbà tí wọ́n bá sì kẹ́yìn sí ọ̀tá ni wọ́n ń kú jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ogun àtijọ́ ṣe rí.

Ọmọ tó bá ti gbá géèmù yìí pẹ́ yóò tètè lóye ohun tí Hannibal ṣe: ó jẹ́ kí àárín ìlà rẹ̀ máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, àwọn ará Líbíà tó fi sí apá ọ̀tún àti apá òsì yí wọlé, àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sì dí ẹ̀yìn pa. Àwọn ará Róòmù pọ̀ jù ú lọ, síbẹ̀ wọn kò ráàyè ju apá. N kò tíì rí àwòrán inú ìwé tó lè fi èyí yé ọmọ tó bẹ́ẹ̀.

Ajagunfẹ̀yìntì

Mo kí Olùkọ́, mo sì kí Balógun. Iṣẹ́ ológun ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka tó ń kó oúnjẹ àti epo lọ fún àwọn tó wà níwájú ni mo sì wà. Nítorí náà, ohun tí ojú mi máa ń wá nínú àwọn géèmù tí àwọn ọmọ mi ń gbá nílé yàtọ̀ sí tiyín.

Ọmọ ogun inú géèmù kì í jẹun. Ẹ wo Age of Empires II: ẹ ó san oúnjẹ 60 àti góòlù 20 kí ọmọ ogun tó kéré jù lọ tó jáde, láti ìgbà náà lọ kò sì ní fi nǹkan kan ẹnu mọ́ títí ọ̀tá á fi pa á. Nínú Rome: Total War, owó oṣù nìkan ni ẹ ń san, ibikíbi tí ogun yín bá sì wà, ì báà jẹ́ lórí òkè oníyìnyín, owó náà á bá wọn níbẹ̀, bí ẹni pé owó ni wọ́n ń jẹ. Ẹ bi ọmọ yẹn léèrè ìdí tí ìjà náà fi wáyé ní Cannae gan-an. Polybius, òpìtàn ará Gíríìsì, kọ ọ́ pé Cannae ni àwọn ará Róòmù ń kó ọkà jọ sí fún ogun wọn, Hannibal sì lọ gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Àìsí ọkà yẹn wà lára ohun tó tì wọ́n jáde wá pàdé rẹ̀. Oúnjẹ ló pe ìjà náà wá síbẹ̀. Nínú géèmù, pápá títẹ́jú kan lásán ni.

Ẹ wá wo ìdótì. Nínú géèmù yẹn, oṣù mẹ́fà ni ìyípo kan. Ẹ ó dóti ìlú, àwọn ọmọ ogun yín á kan àkàbà àti igi ńlá tí a fi ń fọ́ ilẹ̀kùn odi, nígbà tó bá di ìyípo kejì, ẹ ti lè wọlé. Saguntum ní Sípéènì, ìlú tí kò tó Róòmù rárá, gba Hannibal ní oṣù mẹ́jọ ní ọdún 219, orí ilẹ̀ tí ó ti ní ọ̀nà oúnjẹ lẹ́yìn rẹ̀ sì ni. Lẹ́yìn tí ó ṣẹ́gun létí adágún Trasimene ní 217, Livy, òpìtàn ará Róòmù, ní ó gbìyànjú láti gba Spoletium, ìlú kékeré kan, wọ́n sì lé e padà. Róòmù ju 300 kìlómítà lọ sí Cannae, ó ní odi òkúta, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ogun Hannibal sì ti fara gbọgbẹ́. Bí ó bá lọ dúró síwájú odi yẹn, ebi ni ì bá pa á.

Adéọ̀nà_Leeds

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ta ko ibì kan. Ebi nìkan kò lè jẹ́ ìdáhùn. Títí di ọdún 203 ni Hannibal fi wà ní Ítálì, èyí ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn Cannae, ìrànlọ́wọ́ tó rí gbà láti Kátééjì kò sì tó nǹkan. Ẹni tó lè bọ́ ogun fún àkókò tó gùn tó yẹn láàárín àwọn ọ̀tá rẹ̀ mọ bí a ṣe ń wá oúnjẹ. Ọmọ náà kò sì dá wà. Livy kọ ọ́ pé Maharbal, olórí àwọn ẹlẹ́ṣin, rọ Hannibal pé kí àwọn kọrí sí Róòmù lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí Hannibal kọ̀, Maharbal sọ fún un pé ó mọ bí a ṣe ń ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń lo ìṣẹ́gun. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ìtàn ń jiyàn lé e lórí. Géèmù tó gbé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ dé orí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣe é bú.

Ibi tí èmi rò pé ó ti ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà ni iye ènìyàn. Ogun kan nínú géèmù yẹn kò lè kọjá ẹgbẹ́ 20, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò sì kọjá 160 ènìyàn kódà bí ẹ bá ṣètò rẹ̀ sí èyí tó tóbi jù. Bí ẹ bá ti pa ogun méjì tàbí mẹ́ta bẹ́ẹ̀, Róòmù ti ṣófo, ẹ sì lè rìn wọlé. Ní Cannae tòótọ́, nǹkan bí 86,000 ni Róòmù kó jáde. Polybius ní bíi 70,000 nínú wọn kú, Livy ní bíi 48,000. Èyí ó wù kí a gbà, ó yẹ kí ìlú tó pàdánù bẹ́ẹ̀ túúbá. Ṣùgbọ́n Polybius kan náà ka àwọn ọkùnrin Róòmù àti àwọn alájọṣe rẹ̀ tó lè gbé ohun ìjà ní ọdún 225, ó sì rí ju 700,000 ẹlẹ́sẹ̀ àti bíi 70,000 ẹlẹ́ṣin. Lẹ́yìn Cannae, Róòmù ra ẹrú bíi 8,000, ó sì sọ wọ́n di ọmọ ogun. Ó kọ̀ láti ra àwọn ọmọ rẹ̀ tí Hannibal kó lẹ́rú padà. Nígbà tí Hannibal rán ẹnì kan wá láti sọ̀rọ̀ àlàáfíà, wọn kò jẹ́ kí ó wọ ìlú. Agídí yìí gan-an ni ohun tí Hannibal kò lè ṣẹ́gun, géèmù kò sì ní bọ́tìnì fún un.

Ajagunfẹ̀yìntì

Adéọ̀nà, ọmọ mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n ohun tí o sọ nípa ọdún mẹ́wàá yẹn ló tún gbè mí lẹ́yìn. Hannibal rí oúnjẹ nítorí pé ó ń rìn. Ogun tó ń rìn lè kórè oko àgbègbè kan, kí ó sì kọjá sí òmíràn. Ọjọ́ tó bá jókòó yí ìlú ńlá kan ká, kò ní pẹ́ tí yóò fi jẹ gbogbo ọkà àti koríko àyíká náà tán, yóò wá di dandan kí ó máa tú àwọn ènìyàn rẹ̀ ká lọ sí ọ̀nà jíjìn láti wá oúnjẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀tá ti ń pa wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́ṣin bíi 10,000 ni ó ní ní Cannae. Ẹ ro iye koríko àti omi tí ẹṣin tó tó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ lójúmọ́. Ẹlẹ́ṣin yẹn ni agbára rẹ̀, òun náà sì ni ìdótì ì bá kọ́kọ́ bàjẹ́.

Kí ẹ má sì gbàgbé àìsàn. Napoleon kó ju 400,000 ènìyàn wọ Rọ́ṣíà ní oṣù kẹfà ọdún 1812. Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ebi àti àwọn tó ń sá lọ ti jẹ apá ńlá nínú ogun náà tán. Napoleon: Total War gbìyànjú níbi èyí, nítorí ogun máa ń dínkù nínú òtútù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti padà dé orí ilẹ̀ tiwọn, iye wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í pé padà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti sin ọ̀rẹ́ rí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìyálóde_Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin àgbà ti sọ ti oúnjẹ dáadáa. Èmi fẹ́ sọ ti ojú àti etí ọ̀gágun, nítorí níbẹ̀ ni mo rò pé irọ́ tó tóbi jù wà.

Nínú Total War, ojú ọ̀run ni a ti ń wo ogun. Mo lè dá ìjà dúró, kí n wo apá ọ̀tún, kí n wo apá òsì, kí n tẹ máòsì, kí ẹgbẹ́ 20 sì ṣe ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó ṣì mí gbọ́, kò sí ẹni tó kọ̀, kò sí ìránṣẹ́ tó ṣìnà. Ẹ wá wo Cannae. Livy kọ ọ́ pé atẹ́gùn ń gbé eruku lu ojú àwọn ará Róòmù. Àwọn aláṣẹ méjì, Varro àti Paullus, ń pín àṣẹ láàárín ara wọn ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ohùn wọn kò sì ṣọ̀kan lórí bóyá kí wọ́n jà níbẹ̀. Ọmọ ogun tó wà láàárín ìdì ènìyàn yẹn kò lè mọ̀ pé wọ́n ti yí òun ká. Ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló ń rí. Lọ́dọ̀ Hannibal náà, àwọn ará Líbíà, Sípéènì, Gaul àti Numidia ló kó jọ, èdè wọn kò pa pọ̀, síbẹ̀ ó mú kí àárín fà sẹ́yìn láìtúká. Ohun tó mú kí iṣẹ́ náà jẹ́ ìyanu nìyẹn. Ọmọ tó ń dá géèmù dúró kí ó tó pàṣẹ kò ní mọ bí ó ṣe ṣòro tó.

Àwọn ará Prussia ti mọ̀ èyí tipẹ́. Ní ọdún 1824, ọ̀dọ́ ológun kan tó ń jẹ́ Georg von Reisswitz gbé eré ogun kan jáde fún àwọn ọ̀gá ológun, tí wọ́n ń ṣe lórí máàpù. Adájọ́ kan ló ń darí rẹ̀. Àwọn tó ń jà á kọ àṣẹ sórí ìwé fún adájọ́, òun ni yóò pinnu ìgbà tí àṣẹ náà á dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun, kò sì ní gbé ère ọ̀tá sórí máàpù bí kò bá tíì sí ẹni tó lè rí i. Lórí kọ̀ǹpútà, Scourge of War: Gettysburg gbìyànjú irú rẹ̀: ìránṣẹ́ orí ẹṣin ló ń gbé àṣẹ yín lọ, ẹ ó sì dúró dè é.

Aṣọ́bodè

Ní ṣókí, fún ọmọ tó ní àwọn tó ṣe é kàwé: ìdílé Ptolemy, àwọn tó ti ìlà ọ̀kan lára àwọn ọ̀gágun Alexander ọba Masidóníà wá, ló ń jọba Íjíbítì ní àkókò Hannibal, wọ́n sì ń jagun bí àwọn ará Gíríìsì. Rome: Total War wọ àwọn ọmọ ogun Íjíbítì ní aṣọ ìgbà Fáráò tó ti kọjá lọ ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ó tún pín Róòmù sí ìdílé mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ogun àti ilẹ̀ tirẹ̀, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n kàwé lóòótọ́, wọ́n sì yan ohun tí yóò dùn ún gbá.

Ọmọ_Ìmẹ̀sí

Ìtàn inú géèmù mìíràn, Europa Universalis IV, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1444, Ọ̀yọ́ sì wà nínú rẹ̀. Inú mi dùn láti rí i. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ inú géèmù lè wọ igbó kìjikìji kí ó sì jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ tòótọ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Òkè ọya ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ ẹṣin wọn, eṣinṣin tó ń gbé àìsàn oorun kiri kì í sì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó. Nígbà tí ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dé Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, ogun Ìbàdàn dá wọn padà níbẹ̀.

Èyí tó tún jẹ mí lógún ni Kírìjì, nítorí ilẹ̀ wa ni wọ́n ti jà á. Láti 1877 títí di 1893 ni ogun náà fi wà. Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìbàdàn pàgọ́ sí Igbájọ. Ìlú ni àwọn bùdó náà dà: wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, àwọn obìnrin ń ná ọjà níbẹ̀, tí wọ́n sì ń ru oúnjẹ wá. Ohun tó há Ìbàdàn mọ́ ni ọ̀nà. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti ọ̀nà etíkun mọ́ wọn, ẹ̀tù àti ìbọn di ọ̀wọ́n, nígbà tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ń bá Èkìtìparapọ̀ wá àwọn ìbọn ìgbàlódé. Ìbàdàn lágbára, síbẹ̀ kò lè borí. Bí Olùkọ́ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ lóye ohun tí Bàbá Ajagunfẹ̀yìntì ń sọ, kí ó mú wọn ka Kírìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hannibal.

Adéọ̀nà_Leeds

Mo gba ti Kírìjì, ṣùgbọ́n kí a má fi Europa Universalis wé Total War níbi oúnjẹ. Agbègbè kọ̀ọ̀kan nínú Europa Universalis IV ní iye ọmọ ogun tó lè bọ́. Bí ogun bá kọjá iye náà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú lóṣooṣù láìsí ìjà kankan, ìdótì níbẹ̀ sì lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi èyí, ó sún mọ́ òtítọ́ ju Rome: Total War lọ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ìjà fúnra rẹ̀ hàn.

OlùkọÌtàn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ti rí i báyìí pé kí n má fòfin dè é. Kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ wa ti gbó, a kò sì ní owó géèmù tuntun. Kí ni a lè fi ohun tó wà nílẹ̀ ṣe?

Balógun_Orí_Máòsì

Ẹ wá Europa Barbarorum, àtúnṣe tí àwọn olùfẹ́ ìtàn ṣe sí Rome: Total War àtijọ́ láìgba owó. Ìyípo mẹ́rin ló wà nínú ọdún kan rẹ̀, ó sì ti tún ọ̀rọ̀ Íjíbítì tí Aṣọ́bodè sọ ṣe. Géèmù 2004 ni ó jókòó lé, nítorí náà kọ̀ǹpútà tó ti gbó lè gbé e. Divide et Impera, irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe fún géèmù Rome II tó tẹ̀lé e, ní ètò oúnjẹ ogun àti iye ènìyàn ìlú, èyí tí ì bá dùn mọ́ Bàbá nínú, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára.

Ìyálóde_Kọ̀ǹpútà

Kódà láìsí àtúnṣe yẹn, ẹ lè ṣe bí ará Prussia. Ẹ fi ọmọ kan sídìí kọ̀ǹpútà, kí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì pé kó ṣe ohun tó wà lórí ìwé. Ẹ fi Hannibal sí yàrá kejì, níbi tí kò ti ní rí ojú kọ̀ǹpútà rárá. Ìránṣẹ́ méjì á máa lọ máa bọ̀, ọ̀kan á gbé ìròyìn lọ, èkejì á gbé àṣẹ bọ̀. Ẹ̀yin ni adájọ́: ẹ lè dá àṣẹ kan dúró díẹ̀, ẹ lè fa òmíràn ya bí ìránṣẹ́ náà bá kú sọ́nà. Kí ẹnikẹ́ni má dá ìjà dúró. Bí àṣẹ bá fi dé lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ náà ti túká, wọ́n á mọ ohun tí a ń sọ.

Ajagunfẹ̀yìntì

Ìmọ̀ràn tó dára ni. Èmi á fi òfin kan kún un: lórí máàpù, ogun tí ó bá dúró sójú kan fún ìyípo méjì gbọ́dọ̀ tú ẹgbẹ́ kan ká nítorí ebi, bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹlẹ́ṣin.

Kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé Hannibal dé ẹnu odi Róòmù ní ọdún 211. Àwọn ará Róòmù dóti Capua, ìlú tó ti yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn Cannae. Ó rìn lọ sí Róòmù kí wọ́n lè fi Capua sílẹ̀ láti wá gba ilé wọn. Wọn kò kúrò, òun náà kò kọlu odi, ó padà, Capua sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún náà. Ojo kì í rìn dé ibẹ̀.

OlùkọÌtàn

Ọjọ́bọ̀ ni a ó ṣe é. Ọmọ tó bá mi jiyàn ni yóò jẹ́ Hannibal, mo sì ti sọ fún un kí ó ka ìtàn Capua kí ó tó wá. N ó fi òfin ebi yẹn kún un pẹ̀lú.

Adéọ̀nà_Leeds

Nígbà tí ẹ bá dé orí ọdún 211, Olùkọ́, ẹ fi èyí kún un: Polybius ní ó ṣe kòńgẹ́ pé àwọn aláṣẹ Róòmù ń pe àwọn ọmọ ogun tuntun jọ sínú ìlú ní àsìkò náà gan-an, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ló wà lẹ́yìn odi nígbà tí Hannibal yọ. Kò sí bí òun ṣe lè mọ̀ kí ó tó dé. Bí ẹ bá ń ṣe adájọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí Hannibal tiyín mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.